Ẹ yé tan ara yín, Faransé kọ́ ni èdè gbogbo Bẹ́ljíọ̀m

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn. Físà ọkọ rẹ̀ ti jáde, iṣẹ́ sì ti ń dúró dè é ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí tèmi, láàárín Ghent àti Antwerp. Mo ti ń bá a yọ̀, àfi bó ṣe fi kún un pé àwọn ti san owó kíláàsì Faransé oṣù mẹ́ta. Àjẹ́ǹtì wọn ló ní èdè Bẹ́ljíọ̀m nìyẹn, pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, ebi ni yóò pa á. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdọọdún ni mo ń gbọ́ ọ, ọdọọdún náà ni àwọn èèyàn ń kówó lé e lórí.

Èdè mẹ́ta ni òfin mọ̀ ní Bẹ́ljíọ̀m: Dutch, Faransé àti Jámánì. Dutch ló ní èèyàn jù. Tí ẹ bá kó ọmọ Bẹ́ljíọ̀m mẹ́wàá jọ, bíi mẹ́fà nínú wọn, òun ni wọ́n ń sọ nílé. Òun ni èdè gbogbo Flanders, ìyẹn apá àríwá, láti Bruges dé Genk, títí kan gbogbo ìlú wẹ́wẹ́ tó dákẹ́ rọ́rọ́ tí iṣẹ́ ń gbé àwọn èèyàn wa lọ. Ìhà gúúsù, ní Wallonia, ni Faransé wà. Àwọn tó ń sọ Jámánì ò pọ̀, ìlà-oòrùn ni wọ́n wà, lágbègbè Eupen. Brussels nìkan ni òfin ti fún Dutch àti Faransé láyè kan náà.

Wọ́n á ní Brussels ńkọ́, Kóńgò ńkọ́, ṣebí Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Brussels kì í ṣe Aalst, ìlú Flanders. Èdè tí àwọn amúnisìn Bẹ́ljíọ̀m sì fi jọba ní Kóńgò kọ́ ni ìyá arúgbó fi ń ra ẹran ní Lokeren, ìlú Flanders mìíràn. Lokeren yìí náà ni Stephen Keshi ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí Anderlecht. Amokachi ti gbá a ní Bruges rí, Ndidi àti Onuachu ti gbá a ní Genk rí. Ó ti pẹ́ tí à ń pe orúkọ àwọn ìlú Flanders lẹ́nu nílé, síbẹ̀ a ò bèèrè èdè wọn.

Ohun tí àwọn àjẹ́ǹtì yìí ò mọ̀ ni pé òfin ló fa ìlà láàárín àwọn èdè náà. Ọdún 1962 ni wọ́n ṣe òfin ọ̀hún, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1963. Ìlú kọ̀ọ̀kan mọ ìhà tó bọ́ sí. Wọ́n sì jà kíkankíkan lórí rẹ̀. Ní Leuven, tó wà ní Flanders, yunifásítì àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1425. Ní 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Flanders yarí pé àwọn ò fẹ́ ẹ̀ka onífaransé níbẹ̀ mọ́, ìjà náà le débi pé ìjọba orílẹ̀-èdè wó lé e lórí. Wọ́n pín yunifásítì náà sí méjì, wọ́n sì kọ́ ìlú tuntun, Louvain-la-Neuve, sórí ilẹ̀ oko lódìkejì ìlà fún àwọn onífaransé. Wọ́n pín ìwé inú yàrá ìkàwé pàápàá: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9 lọ sápá kan, èyí tó parí sí 0, 2, 4, 6 tàbí 8 lọ sápá kejì. Irú ibi tí wọ́n ti pín ìwé báyìí nítorí èdè ni ẹnìkan ní kí ẹ máa gbé Faransé lọ!

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ghent lọ sí Liège kí ẹ fi etí yín gbọ́. Dutch nìkan ni wọ́n ń fi kéde títí ẹ ó fi dé Brussels. Níbẹ̀, èdè méjèèjì. Ní Leuven, Dutch nìkan tún ni. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá ìlà, ó di Faransé, ìlú tí wọ́n ń pè ní Luik láti àárọ̀ á sì di Liège. Bẹ́ẹ̀ náà ni pátákó ojú títì. Ẹni tó ń wakọ̀ láti Ghent lọ sí Lille nílẹ̀ Faransé, "Rijsel" ni yóò máa rí. Tó bá jẹ́ Mons ló ń lọ, "Bergen" ni kó máa wá.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò mi, ọmọ Kétu ní Benin, Yorùbá bíi tiwa, Faransé rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Èmi ni mo sìn ín lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ó fi Faransé kí obìnrin tó jókòó níbẹ̀, ó ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀, nítorí wọ́n ń kọ́ Faransé nílé ìwé wọn. Dutch ló fi dá a lóhùn. Ó rọra ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bírò tọ́ka sí ibi tí yóò ti buwọ́ lùwé. Kò kanra, òfin ló so ó lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá àdúgbò wá wò ó bóyá lóòótọ́ ló ń gbé ilé tó kọ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo àlejò. Kò bá a nílé, ó ju ìwé pélébé kan sínú àpótí lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n gbé e wá bá mi lálẹ́: "Àbúrò, kí ni wọ́n kọ síbí?" Ọ̀gá nínú Faransé nìyẹn o.

Mo mọ̀ pé ìlú mẹ́fà kan wà lẹ́bàá Brussels, bíi Kraainem àti Linkebeek, tí òfin ti gba onífaransé láyè láti fi èdè rẹ̀ bèèrè ìwé. Ìlú díẹ̀ mìíràn bẹ́ẹ̀ tún wà lẹ́bàá ìlà èdè, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀.

Tiṣẹ́ ńkọ́? Láti 1973 ni òfin Flanders ti ní kí agbanisíṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ ní Dutch. Ní 2013, ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ó ti le jù fún iṣẹ́ tó kan orílẹ̀-èdè míì, wọ́n sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n Dutch ṣì ni ìpìlẹ̀. Ọmọ yín tó bá ti pé ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ wà nílé ìwé, Dutch sì ni olùkọ́ yóò fi kọ́ ọ, òun náà ni wọ́n á fi kọ lẹ́tà tó máa gbé wálé nínú báàgì.

Gẹ̀ẹ́sì? Ó dáa, púpọ̀ nínú wọn gbọ́ ọ, àwọn ọ̀dọ́ pàápàá, ẹlòmíì sì ń fi í ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n nílùú kékeré, ìkíni ni yóò mọ. Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ni mo ti rí i. Ìgbà tí mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì rajà, wọ́n á gbowó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó tán. Ọjọ́ tí mo fi Dutch sọ pé kí wọ́n bá mi fi ẹ̀rọ gé búrẹ́dì mi, bàbá tó wà lẹ́yìn mi bèèrè ilé tí mò ń gbé. Òun ló júwe dókítà tó ń gba aláìsàn tuntun fún mi, òun náà ló sọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó pàǹtírí oníke.

Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nedbox, ìkànnì tí wọ́n fi ń kọ́ Dutch, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, fídíò kéékèèké pẹ̀lú ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. Tí ẹ bá wá dé, ẹ bèèrè CVO tàbí Ligo tó sún mọ́ yín, ìyẹn àwọn ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Dutch. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, kó bèèrè kíláàsì alẹ́, kó sì tètè forúkọ sílẹ̀.