Irọ́ ni pé àwọn ará Texas ni kò fẹ́ ọkọ̀ tí kì í rú èéfín

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Camry tòkúnbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá. Bébà kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéékèèké, eruku àti ọ́ìlì sì sábà máa ń bò ó. Ẹ fi àkísà nù ún kí ẹ tó kà á. Òfin èéfín tí wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ náà ni wọ́n kọ síbẹ̀: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ California, tàbí méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston ló jẹ́ kí n rántí bébà yìí. Ó ní, "Àbúrò, àwọn ará ibí kò fẹ́ ọkọ̀ oníná mànàmáná. Ká ní wọ́n fẹ́ ẹ ni, ṣebí àwọn tó ń ta ọkọ̀ ì bá ti kó o wá." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n to ọkọ̀ sí, òfin ti bá yín yan èyí tó máa wà níbẹ̀.

Èéfín tó ń bo Los Angeles mọ́lẹ̀ ló fà á tí California fi tètè ní òfin tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fún un láyè lọ́dún 1967. Lọ́dún 1977, wọ́n ní ìpínlẹ̀ mìíràn lè gba òfin California lò tàbí kó dúró sórí ti àpapọ̀, kò sì sí ẹ̀kẹta. New York, Massachusetts, Maryland àti Oregon wà lára àwọn tó gbà á. Texas àti Florida kò gbà á. Ìjà lórí àyè yìí kò tíì parí: ní oṣù June 2025, Trump fọwọ́ sí ìpinnu àwọn aṣòfin láti gba díẹ̀ padà lọ́wọ́ California, California àti àwọn ìpínlẹ̀ míì sì gba ilé ẹjọ́ lọ.

Lọ́dún 1990, California pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe ọkọ̀ rí i pé ìdá kan pàtó nínú ohun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ kò rú èéfín rárá. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì fàyè gbà á kí ọkọ̀ bẹntiróòlù kan tí èéfín rẹ̀ kéré gan-an, tí wọ́n ń pè ní PZEV, kà díẹ̀ mọ́ ìdá náà. Táǹkì rẹ̀ kì í jẹ́ kí òórùn epo jáde sínú afẹ́fẹ́, wáráńtì ohun tó ń dín èéfín rẹ̀ kù sì jẹ́ ọdún 15 tàbí máìlì 150,000. Ọkọ̀ tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí kíláàsì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, lè jẹ́ PZEV ní Los Angeles kí ó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Houston. Ta ló bi ará Houston bóyá ó fẹ́ ẹ?

Ẹ wo Fiat 500e, ọkọ̀ oníná kan. California ni wọ́n kọ́kọ́ ti tà á lọ́dún 2013, lẹ́yìn náà Oregon. Ọ̀gá Fiat nígbà náà, Sergio Marchionne, sọ ọ́ ní gbangba lọ́dún 2014 pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á, torí dọ́là 14,000 ni òun ń pàdánù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ló wá dé tó fi ń ṣe é? Nígbà náà, iléeṣẹ́ tí kò bá kún ìdá tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ra kírẹ́díìtì, ìyẹn máàkì tí òfin ń fúnni fún ọkọ̀ tí kì í rú èéfín, lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ́kù tàbí kó san owó ìtanràn, ọjà California sì tóbi ju èyí tí wọ́n lè fi sílẹ̀ lọ. Wọ́n ń ṣe ìwọ̀nba tí òfin bèèrè, kò sí ìdí tí wọ́n fi máa gbé e dé Texas. Toyota náà ṣe RAV4 oníná láàárín 2012 sí 2014, California nìkan ló sì ti tà á.

Ẹnì kan lè ní: New York ńkọ́, ṣebí òfin kan náà ni wọ́n ń lò? Òótọ́ ni, síbẹ̀ Fiat yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Abala kan wà nínú òfin náà tó jẹ́ kí ọkọ̀ alábátìrì tí wọ́n bá tà ní California kà fún New York àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù pẹ̀lú, títí di ọkọ̀ ọdún 2017. Ta ni yóò wá gbé e kọjá California?

N kò sọ pé owó àti ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí bátìrì kò já mọ́ nǹkan o. Georgia gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ bí owó ṣe lágbára tó. Ìpínlẹ̀ gúúsù ni, kò sì gba òfin California. Ṣùgbọ́n Nissan ń ta Leaf, ọkọ̀ oníná rẹ̀, níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń yọ tó dọ́là 5,000 kúrò nínú owó orí ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná. Àwọn ará Atlanta rà á débi pé ìlú wọn di ọ̀kan nínú ibi tí Leaf ti tà jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nígbà tó di July 2015, ìjọba dá ẹ̀dínwó náà dúró, wọ́n sì bu dọ́là 200 lé àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ọjà náà wó lulẹ̀. Àwọn ará Atlanta kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, ọ̀nà tí wọ́n ń wà á gbà lọ síbi iṣẹ́ kò sì yí padà.