Ta Ló Ní ECOWAS Ló Ń Pàṣẹ Fún Wa?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó ní Nàìjíríà kò lómìnira mọ́. Ó ní ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ló ń pàṣẹ fún wa, ECOWAS ló ṣí bọ́dà wa sílẹ̀ gbayawu, àti pé Ibrahim Traoré, olórí ológun tó kó Bùkínà Fasò jáde nínú ẹgbẹ́ náà, nìkan ni ọkùnrin láàárín àwọn olórí. Gbogbo tábìlì ń mi orí bí alángbá. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú mọ́tò, mo ti gbọ́ ọ lọ́dọ̀ onídìrí. Ó ti sú mi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ká ní ECOWAS ní agbára tí ẹ sọ yẹn ni, owó mi ì bá má ṣòfò lọ́dún 2019.

Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági. Nígbà yẹn, ọjà Dàǹtókpá ní Kútọnu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú àǹkárá mi. Mo sanwó báàlì mẹ́rin, wọ́n kó o dé Krake, ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ tó kọjú sí Sèmè tiwa, ó ku kó sọdá. Oṣù kẹjọ ni ìjọba Nàìjíríà ti bọ́dà ilẹ̀ pa. Wọ́n ní torí ìrẹsì tí wọ́n ń fà wọlé àti epo tí wọ́n ń fà jáde ni. Èmi rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò gbà. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí i, ẹnubodè mẹ́rin péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣí: Sèmè, Ìlélà, Maigatari àti Mfun. Oṣù mẹ́rìndínlógún! Owó ibi tí a kó ẹrù sí ń gorí ara wọn. Mo ní kí oníbàárà mi lọ́hùn-ún bá mi ta báàlì mẹ́ta, iye tó tà á kò tó ìdajì ohun tí mo rà á.

Níbo ni ECOWAS wà? Àbújá ni! Ibẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, ìlú kan náà pẹ̀lú ààrẹ tó ti bọ́dà. Àdéhùn ọdún 1979 wà lọ́wọ́ wọn, èyí tó ní ọmọ ilẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Òmíràn tún ní kí ọjà tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ ẹgbẹ́ má san owó ẹnubodè. (Mi ò ní purọ́, Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú àǹkárá tèmi. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ṣe ní Gánà gan-an náà há sí Sèmè.) Gánà pariwo, Kútọnu bẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó bu owó ìtanràn kọ́bọ̀ lé Nàìjíríà. Ṣé bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún ènìyàn nìyẹn?

Kí bọ́dà tó tì pàápàá, kí ni mo rí jẹ nínú 90 ọjọ́ yẹn? Pẹ̀lú ìwé ìrìnnà mi lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró láti Sèmè dé Àgbádárìgì pọ̀ débi pé oorun gbé mi lọ níbi tí mo ti ń kà á. Ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń gbowó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Traoré yìí. Lóṣù kìíní ọdún 2024, Málì, Niger àti Bùkínà Fasò ní àwọn ń lọ. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni lílọ náà fìdí múlẹ̀. Ó dáa. Owó wo ni wọ́n ń ná báyìí? Sẹ́fà ni, òun kan náà tí Sẹ̀nẹ̀gà, Tógò àti Kútọnu ń ná, tí báǹkì àpapọ̀ tó wà ní Dakar ń darí. Wọn ò kúrò nínú ẹgbẹ́ olówó kan náà yẹn o, ECOWAS nìkan ni wọ́n bá jà. Oṣù keje ọdún 2024 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún jókòó ní Niamey, tí wọ́n so ara wọn pọ̀ di àjọṣe kan ṣoṣo, wọ́n ti gbé ìwé ìrìnnà àpapọ̀ jáde, wọ́n sì kéde ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ 5,000. Àwọn tí ẹ ní wọ́n sá fún àjàgà nìyẹn! Àwa tí wọ́n ní ECOWAS ti gbé mì, náírà wa la ṣì ń ná. Owó “eco” tí wọ́n ní a máa jọ ná ní 2020, wọ́n ti sún un sí 2027.

Wọ́n á ní ti Niger lọ́dún 2023 ńkọ́? Lóòótọ́, lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba níbẹ̀ lóṣù keje, ECOWAS halẹ̀ ogun, Tinubu sì ni alága wọn. Ó kọ̀wé sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa. Wọ́n ní kó lọ fọ̀rọ̀ wérọ̀. Sójà kankan ò kọjá bọ́dà. Iná tí wọ́n já mọ́ àwọn ará Niger lójú, Nàìjíríà ló já a. Mo gbà pé orúkọ ECOWAS ni wọ́n fi jẹ àwọn mẹ̀kúnnù níyà, ìyẹn ò dáa. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ẹjọ́ wọn náà ńkọ́? Nàìjíríà ti Twitter pa lóṣù kẹfà ọdún 2021, ó ṣí i lóṣù kìíní ọdún 2022. Oṣù keje ni ilé ẹjọ́ ECOWAS tó dájọ́ pé títì náà kò bófin mu.

Ti àjèjì tó ń wọlé, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó gba ọ̀nà inú igbó kọjá kò ka àdéhùn kankan. Láti ọdún 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fi ìlà pín wa, tí Kétu bọ́ sọ́hùn-ún tí Ìmẹ̀kọ bọ́ síbí, ni àwọn ẹbí ti ń sọdá sọ́dọ̀ ara wọn. Wọn ò tíì bí ECOWAS nígbà yẹn. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní Èkó, nílẹ̀ wa níbí.

Báàlì kẹrin dé Gbági lóṣù kejì ọdún 2021. Eku ti fi inú rẹ̀ ṣelé, àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan sì ti ṣí. Mo gé ibi tó dáa, mo rán an ní aṣọ tábìlì, mo sì ń yá àwọn aláriyá. Òun ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì wa ní Mọ́kọ́lá. Orí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ lé.