Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Kátáráàtì Bá Gbó

"Jẹ́ kó gbó ná, kó funfun, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀ á rọrùn." Ohun táwọn kan máa ń sọ nìyẹn nípa kátáráàtì, ìyẹn kí lẹ́ńsì inú ojú di kùrukùru. Láyé tí wọ́n ń la ojú fẹ̀, tí wọ́n ń ti lẹ́ńsì jáde, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: èyí tó gbó máa ń kúrò nínú àpò rẹ̀ láìṣẹ́kù. Lóde òní, èyí tó funfun báláú gan-an ló ń fún dókítà níṣòro.

Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ti fa omi mọ́ra, ó ti wú, inú rẹ̀ ti yọ́ bíi wàrà, ó sì ń ti awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó, ìyẹn àpò rẹ̀, látinú wá. Dókítà sì gbọ́dọ̀ ya ihò roboto, bíi mílímítà 5 ní fífẹ̀, sí iwájú awọ yìí. Ìtànṣán pupa láti ẹ̀yìn ojú ni wọ́n fi ń rí etí ibi tó ń ya. Lẹ́ńsì funfun kì í jẹ́ kó kọjá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi aró búlúù tí wọ́n ń pè ní trypan blue kun awọ náà.

Aró nìkan kò tó. Bí abẹ́rẹ́ bá kan awọ tó le kankan yìí, omi lè tú jáde, kí awọ fàya lọ sápá méjèèjì lójijì: búlúù níhìn-ín, búlúù lọ́hùn-ún, funfun láàárín. Àsíá Ajẹntínà làwọn dókítà ń pè é. Bí ìfàya bá dé ẹ̀yìn, kóró lẹ́ńsì lè já sísàlẹ̀ inú ojú, àpò tí wọn ì bá gbé lẹ́ńsì àtọwọ́dá sí á sì bàjẹ́.

Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kánjú. Wọ́n lè fa oògùn mannitol 20% sí aláìsàn lára ṣáájú, kí ìfúnpá inú ojú lọ sílẹ̀. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì tó ki tẹ iwájú lẹ́ńsì pẹrẹsẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín nọ́ńbà 27 tàbí 30 gún àárín, wọ́n á fa omi náà. Òmíràn ṣì máa ń há sẹ́yìn kóró (ibí ni ìgbàgbé ti ń ṣeni). Wọ́n á mi kóró díẹ̀ kó lè jáde. Ihò kékeré ni wọ́n á kọ́kọ́ ya, kí wọ́n tó mú un fẹ̀.

Èyí tó gbó di búráùn máa ń le. Agbára ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ lè pa sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn awọ tó mọ́ gaara níwájú ojú, wọn kì í sì í hù padà. Lójú tiwa, ọ̀nà àfọwọ́ṣe tí kò nílò ẹ̀rọ, pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ mílímítà 6 sí 7, ló yẹ irú rẹ̀ jù.

Bí ìwé kíkà, ọkọ̀ wíwà tàbí fífi òwú sábẹ́rẹ́ bá ti dìṣòro, àsìkò tó, ohun yòówù kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́ńsì tó wú tún lè dí ọ̀nà omi inú ojú, kí ìfúnpá ga, kí iṣan ìríran kú, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó ń jí i. Bí ojú bá pọ́n, tó ń ro yín, tí èébì ń gbé yín, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn ojú.