Kí Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Altamira Pa Pátápátá

Lọ́dún 2014, ìjọba Spéìn gbà kí ènìyàn 5 máa wọ ihò àpáta Altamira lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gègé ni wọ́n fi ń mú wọn, ìṣẹ́jú 37 péré ni wọ́n sì ń lò nínú ihò. Lójú tiwa, ènìyàn 5 náà ti pọ̀ jù.

Nǹkan bí 15,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọdẹ tí kò tíì mọ irin, tí kò tíì mọ oko dídá, fi èédú àti erùpẹ̀ pupa ya bísọ́nì, ẹran ńlá tó fara jọ ẹfọ̀n, sí àjà ihò yìí. Ibi tí àpáta bá ti yọ gọńgọ, ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ikùn tàbí èjìká ẹran. Ẹ wo èyí tó ká ẹsẹ̀ jọ gúlútú sórí kókó òkúta. Àfi bíi pé ó ń mí. Nígbà tí Marcelino Sanz de Sautuola, ọkùnrin ará Spéìn kan, àti María ọmọ rẹ̀ rí àwọn àwòrán náà ní 1879, àwọn ọ̀mọ̀wé ní irọ́ ni, ará àtijọ́ kò lè gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kú ní 1888, wọn kò tíì dá a láre. Ó di 1902 kí Émile Cartailhac, tó wà lára àwọn tó takò ó jù, tó gbà pé àṣìṣe tòun ni.

Àpáta tó ya lulẹ̀ dí ẹnu ihò náà ní nǹkan bí 13,000 ọdún sẹ́yìn ló pa iṣẹ́ wọn mọ́. Àwa ọmọ ìsinsìnyí la wá kó èrò wọ̀ ọ́: ní 1973 nìkan, wọ́n lé ní 170,000. Ooru ara àti èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwòrán jẹ́. Wọ́n tì í ní 1977, wọ́n ṣí i díẹ̀ ní 1982, wọ́n tún tì í ní 2002. Ní Lascaux, ihò mìíràn tí àwòrán àtijọ́ wà nínú rẹ̀ nílẹ̀ Faransé, ohun aláwọ̀ ewé hù lára ògiri títí wọ́n fi ti ihò náà ní 1963. Síbẹ̀, ní 2001, olú funfun tún bo ibẹ̀.

Àwọn tó fara mọ́ gègé ní ìpalára ènìyàn 5 kò tó nǹkan. Bí ọ̀dà náà bá bó, ta ni yóò tún un yà? Kò sì lè jẹ́ nítorí kí ọjà àwọn ará Santillana del Mar, ìlú tí ihò náà wà, lè máa tà ni wọ́n ṣe ń ṣí i, torí àdàkọ ihò náà tí wọ́n ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 2001 ni èrò ń wọ́ lọ wò.

Láti ìgbà tí wọ́n ti rí ihò Chauvet, tí àwòrán àtijọ́ wà nínú rẹ̀ bákan náà, ní 1994, Faransé kò ṣí i fún aráàlú rí. Kí Spéìn ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: kí gègé dópin, kó ku àwọn onímọ̀ tó ń tọ́jú ihò náà nìkan, kí àwọn náà má sì wọ ibẹ̀ láìnídìí.