Akólòlò tó pa ẹnu mọ́ kò ní pe baba

Lọ́jọ́ tí sáà NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá tó ga jù ní Amẹ́ríkà, parí ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Washington Wizards lọ bá Miami Heat ta kàn-ń-gbọ̀n. Eré 17 péré ni Washington ti borí látìgbà tí sáà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí fèrè ìkẹyìn dún, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Bub Carrington, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ NBA lọ́dún náà, ó jù ú, ó wọlé, wọ́n borí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó sún mọ́ mi, tó ti pẹ́ tó ti ń ti Washington lẹ́yìn, fi ìbínú pe mi. Mo rò pé wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ ni. Ó ní rárá, pé wọ́n borí ni, pé ọmọ yẹn ti ba gbogbo nǹkan jẹ́, nítorí ẹgbẹ́ tó bá pàdánù jù ló máa ń ní àǹfààní láti yan ọmọ tuntun tó dára jù. Nígbà tí mo ní kí ló ń sọ, ó fi òwe tì mí lẹ́nu: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Òun nìkan kọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti di àṣà láàárín àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa yọ̀ tí ẹgbẹ́ wọn bá fìdí rẹmi, kí wọ́n sì máa pe ìyẹn ní sùúrù.

Akólòlò inú òwe náà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: "ba, ba, ba" ló ń wí títí ọ̀rọ̀ fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Kò dákẹ́. Ó ń tiraka ni. Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó pa ẹnu mọ́, tó káwọ́ gbera, tó ń ka ọjọ́, á pe baba lọ́jọ́ kan?

Ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ pàdánù gan-an, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ẹgbẹ́ 14 tí kò bá wọ playoff, ìyẹn ìdíje ìparí sáà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó gba ife, ni NBA máa ń ṣe ìbò fún, láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yan. Bọ́ọ̀lù kéékèèké 14 tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára ni wọ́n máa ń dà sínú ẹ̀rọ kan, atẹ́gùn á máa gbé wọn sókè sódò, wọ́n á sì yọ mẹ́rin. Ọ̀nà tí nọ́ńbà mẹ́rin lè gbà pàdé jẹ́ 1,001, wọ́n á pín 1,000 nínú rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́. Nígbà kan, 250 ni ti ẹgbẹ́ tó burú jù lọ. Àwọn aláṣẹ rí i pé àwọn èèyàn ti ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, ni wọ́n bá yí i padà láti ọdún 2019: àwọn mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń gba 140, 140. Ẹni tó ṣe ìkẹyìn kò ní ju ẹni tó ṣe ìkẹta láti ìsàlẹ̀ lọ tó bá kan ipò kìíní.

Lọ́dún 2025 yẹn, Utah Jazz ló burú jù, ipò karùn-ún ni ìbò gbé e sí. Washington tí ọ̀dọ́ wa ń bínú nítorí rẹ̀ bọ́ sí ipò kẹfà. Ta ló wá gba ipò kìíní? Dallas Mavericks ni, ẹgbẹ́ tó ní 18 péré nínú 1,000, òun ló mú Cooper Flagg, ọmọ tuntun tí gbogbo wọn ń wá, lọ. Ká ní Carrington mọ̀ọ́mọ̀ ju bọ́ọ̀lù yẹn nù, kí ni ì bá fi gbà?

Tí mo bá ti sọ báyìí, Philadelphia 76ers ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ti Philadelphia. Sam Hinkie gba àkóso ẹgbẹ́ náà lọ́dún 2013, ó sì ta àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kúrò. Láàárín sáà mẹ́ta, wọ́n borí nígbà 47, wọ́n pàdánù nígbà 199. Nínú sáà àkọ́kọ́ nìkan, wọ́n pàdánù nígbà 26 léraléra. Lóòótọ́, inú ìyà yẹn ni wọ́n ti rí Joel Embiid, ọmọ Cameroon, lọ́dún 2014. Ara rẹ̀ kò yá fún sáà méjì gbáko, wọ́n dúró dè é, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní NBA ní 2023. Mi ò ní fojú tín-ínrín ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba Hinkie síṣẹ́ gan-an kò ní ọkàn àtidúró. Wọ́n mú ẹlòmíràn wá lé e lórí, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Àwọn tó bọ́ sípò rẹ̀ kò mọ bó ṣe ń ro ó. Lọ́dún 2017 wọ́n fi àǹfààní àtiyan ọmọ tuntun tí wọ́n ní ta Boston lọ́rẹ kí wọ́n lè rí Markelle Fultz yàn sípò kìíní. Boston fara balẹ̀ ní ipò kẹta, wọ́n mú Jayson Tatum. Láì ka ti playoff, eré 33 péré ni Fultz gbá fún Philadelphia kó tó kúrò. Tatum gba ife ẹ̀yẹ fún Boston lọ́dún 2024.

Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ náà ká Philadelphia mọ́ gan-an. Eré keje ni nínú playoff, èyí tí yóò sọ ẹni tó máa tẹ̀ síwájú, wọ́n wà nílé Toronto Raptors, 90 sí 90. Kawhi Leonard ti Toronto gbé bọ́ọ̀lù sáré lọ sí igun, ó fò, ó jù ú gba orí Embiid kọjá. Fèrè ti dún. Bọ́ọ̀lù náà kan irin agbọ̀n, ó fò sókè, ó tún kan irin, lẹ́ẹ̀mẹrin ni, gbogbo èèyàn dìde dúró, kó tó wá rọra wọlé. Toronto yẹn ló gba ife ọdún náà. Masai Ujiri ló ṣètò ẹgbẹ́ náà, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Zaria. Kò gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ kó tó mú ọmọ tó dára. Ipò 27 ló ti mú Pascal Siakam lọ́dún 2016, kò sì sẹ́ni tó yan Fred VanVleet rárá lọ́dún yẹn kó tó gbà á sọ́dọ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà, ẹni tí àwọn yòókù fojú fò di ẹni tó ń gba ife.

Àwọn àgbà tún ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí gan-an ló bá ọ̀rọ̀ títún ẹgbẹ́ kọ́ mu jù, Oklahoma City Thunder ló sì mọ̀ ọ́n lò. Lọ́dún 2019, Paul George ní òun fẹ́ lọ sí Los Angeles Clippers. Sam Presti, tó ti wà nídìí àkóso láti 2007, kò sunkún, kò sì fi ìbínú tà á. Ó gba Shai Gilgeous-Alexander, ọmọ tí kò tíì gbá ju sáà kan lọ, ó tún gba ẹ̀tọ́ àtiyan ọmọ tuntun ní ipele àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Lára ẹ̀tọ́ tí Clippers fi lé e lọ́wọ́ ló ti mú Jalen Williams ní ipò 12 lọ́dún 2022. Luguentz Dort, kò sẹ́ni tó yàn án. Nínú àwọn òpó tó gbé ẹgbẹ́ náà ró, Chet Holmgren nìkan ni mo lè sọ pé ìpàdánù ló mú wá. Mi ò ní purọ́, àwọn náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 2021 wọ́n ní kí Al Horford tí ara rẹ̀ le lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́.

Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ọdún 2021, Memphis nà wọ́n ní 152 sí 79. Àlàfo 73! Kò tíì sí irú rẹ̀ rí nínú ìtàn NBA, Memphis kò sì ní Ja Morant lójú pápá lọ́jọ́ náà. Shai náà kò sí níbẹ̀, ó ti fi orí gbá. Mark Daigneault, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní sáà kejì rẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ mélòó ni kì bá lé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Wọn kò lé e. Iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà kò yí padà: bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ alátakò, bí wọ́n ṣe ń já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Sáà yẹn, wọ́n borí nígbà 24. Èyí tó tẹ̀ lé e, 40. Lẹ́yìn náà 57. Lẹ́yìn náà 68, wọ́n sì gba ife ní oṣù kẹfà ọdún 2025 lẹ́yìn eré méje pẹ̀lú Indiana Pacers. Akólòlò wọn pe baba, nítorí kò fìgbà kan dákẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá títún ẹgbẹ́ kọ́ lè so èso, mà á ní ó lè so ó. Ìpàdánù lásán ni mi ò gbà pé ó ń kọ́ nǹkan kan.

Detroit Pistons jẹ́rìí sí i. Àwọn ló burú jù ní sáà 2022-23, wọ́n ń retí Victor Wembanyama, ọmọ tuntun tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wá lọ́dún náà, ìbò gbé wọn sí ipò karùn-ún. Ọdún kejì, àwọn náà ló tún burú jù, ipò karùn-ún náà ni wọ́n tún bọ́ sí. Ìgbà wo ni nǹkan wá yí? Ìgbà tí wọ́n mú J.B. Bickerstaff wá láti kọ́ wọn ni, tí wọ́n sì kó àgbà bíi Tobias Harris àti Tim Hardaway Jr. wá bá àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 2024. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Láti eré 14 tí wọ́n borí, wọ́n bọ́ sí 44, wọ́n sì wọ playoff fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2019.

Ẹ̀yin olówó tí ẹ ní ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí aráàlú ní sùúrù, ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ yín nígbà tí àwa ń ní sùúrù? Ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ lónìí, ṣé ẹ ó jẹ́ kó rin ọ̀nà tó là débi tó ń lọ? Owó tí wọ́n ń san láti wọlé kò dín kù lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ pinnu láti má gbìyànjú. Olè ni ìyẹn, ẹ má pè é ní ètò.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ sì ń gbàdúrà kí wọ́n na ẹgbẹ́ yín, ẹ lọ wo eré tí Detroit bá Brooklyn gbá ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2023. Wọ́n ti pàdánù nígbà 26 léraléra kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tọjọ́ náà. Cade Cunningham ti Detroit nìkan gba àmì 41 wọlé, ó ń lé bọ́ọ̀lù kiri títí dé ìṣẹ́jú ìkẹyìn, àwọn èèyàn ti ń pariwo ní gbogbo oṣù yẹn pé kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ tà á. Wọ́n tún pàdánù, 118 sí 112. Ọmọ yẹn ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá jókòó síbì kan tí ẹ ń bẹ Ọlọ́run kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ má wọlé, ẹ bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ náà lọ́rùn yín, ẹ fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n borí.