Kóòdù inú àpòòwé ló yẹ kó dá onílé mọ̀, kì í ṣe ìbéèrè

Lójú tèmi, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, USPS, ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá kankan kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń gbé inú ilé. Apínlẹ́tà wọn ń dé ẹnu ọ̀nà náà. Kí wọ́n fi kóòdù sínú àpòòwé, kí onílé tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì wọn kí wọ́n tó ṣí nǹkan kan fún un, ó parí. Àmọ́ ìbéèrè ló ti yá wọn lára láti máa bi èèyàn.

Ẹ wo Informed Delivery ti USPS, tó kárí Amẹ́ríkà lọ́dún 2017. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń ṣa lẹ́tà máa ń ya iwájú àpòòwé, àwòrán rẹ̀ á sì dé sórí fóònù yín láàárọ̀, kí lẹ́tà fúnra rẹ̀ tó dé. Nǹkan gidi ni, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ forúkọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ gbájú-ẹ̀ ló ti fi orúkọ yín wọlé ńkọ́? Á tọrọ káàdì báńkì lórúkọ yín, á máa wo àwòrán títí àpòòwé rẹ̀ á fi yọjú, ọjọ́ yẹn nìkan ló máa wá síbi àpótí lẹ́tà yín. Secret Service, àjọ agbófinró ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa ọgbọ́n yìí gan-an ní 2018.

Àdírẹ́sì wo lẹ ti gbé rí? Ta lẹ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni USPS fi ń dáni mọ̀ nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe àṣírí mọ́. Ní 2017, Equifax, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè èèyàn, nìkan sọ ìsọfúnni àwọn èèyàn tó tó mílíọ̀nù 147 nù. Olè lè mọ àdírẹ́sì yín àtijọ́ jù yín lọ.

Ti ìyípadà àdírẹ́sì, ìyẹn fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń ní kí USPS máa darí lẹ́tà yín síbòmíì, tún burú jù. Lọ́dún 2017 kan náà, fọ́ọ̀mù kan dé pé kí wọ́n máa darí lẹ́tà olú ilé iṣẹ́ UPS, iléeṣẹ́ aládàáni tó ń gbé ẹrù, ní Atlanta lọ sí ilé ọkùnrin kan ní Chicago. “HS” ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbi ìbuwọ́lùwé, wọ́n fagi lé e, wọ́n wá kọ “UPS”. Wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀! Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni lẹ́tà fi ń ya lọ síbẹ̀, ṣẹ́ẹ̀kì tó tó bíi $58,000 sì wọ àkáǹtì ọkùnrin náà.

Láti 2023, ẹni tó bá lọ yí àdírẹ́sì padà ní kàǹtà ilé ìfìwéránṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdánimọ̀ hàn. Ó dáa. Lẹ́tà ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì àtijọ́ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: bí onílé ò bá rí i, tí kò sì fọhùn, wọ́n á kà á sí pé ó gbà.

Ẹ tètè forúkọ yín sílẹ̀ fún Informed Delivery kí olè tó ṣe é, kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan nínú ilé dá tirẹ̀ ṣe, torí orúkọ ẹnìkan kì í dí ọ̀nà mọ́ ẹnìkejì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan ọ̀nà ìdánimọ̀, kóòdù inú lẹ́tà ni kí ẹ yàn. Bí lẹ́tà bá sì ṣàdédé dáwọ́ dúró, ẹ lọ béèrè ní kàǹtà bóyá ẹnìkan ti fi fọ́ọ̀mù ìyípadà àdírẹ́sì sílẹ̀ lórúkọ yín.