Kí Ejò Má Ṣáà Ti Lọ

"Bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò má ṣáà ti lọ." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Níbi ìgbéyàwó, níbi ìpàdé obìnrin, lẹ́nu olóṣèlú tó ń wá ìbò, wọ́n á pa á, wọ́n á ní ohun tí ọkùnrin lè ṣe, obìnrin náà lè ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa: ọ̀rọ̀ ejò ni òwe náà fi parí. Ejò ló ká ẹni tó pa òwe náà lára, kì í ṣe ẹni tó mú àdá dání.

Àbúrò mi kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ló jẹ́ kí n máa ro èyí. Ó ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n nípa akọni tó ní agbára àràmàǹdà, obìnrin sì ni akọni rẹ̀. Ó gbé e wá kí n bá a kà á. Lójú ìwé kìíní, obìnrin yìí ti da ogójì adigunjalè sínú odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí a fi dé ojú ìwé kẹwàá, ó ti kó ọgọ́ta mìíràn mọ́ ọn. Kò làágùn, gèlè rẹ̀ kò yẹ̀.

Mo ní, "Kí ló ń bà á lẹ́rù?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí o. Alágbára ni."

"Ta ni ìyá rẹ̀? Níbo ló ń sùn? Ta ló jẹ lówó?"

Ó dákẹ́. Ó ti pọ́n àdá títí ó fi ń kọ mọ̀nà, kò tíì wá ejò.

Ẹ wo Jessica Jones, eré tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ lórí Netflix ní 2015, tó ń jẹ́ orúkọ akọni rẹ̀. Obìnrin náà lè fi ọwọ́ lásán gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ni Kilgrave, ọ̀tá rẹ̀, fi ń jagun: ohun tó bá ní kí èèyàn ṣe, onítọ̀hún á ṣe é ni. Ó sì ti fìgbà kan rí darí obìnrin yìí bẹ́ẹ̀. Kí ni agbára apá fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ọtí ló fi ń pa ìrònú rẹ̀ rẹ́. A kì í dára ká má kù síbì kan, ibi tó kù sí yẹn gan-an ni ejò rẹ̀ gbà wọlé. Kara, akọni inú eré Supergirl (2015 sí 2021), náà ńkọ́? Nínú ìpín àkọ́kọ́, ó gbé bàálù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, níbi iṣẹ́, òun ló ń ra kọfí fún ọ̀gá rẹ̀, tí ìyẹn á sì máa jágbe mọ́ ọn.

Òwe náà kò sì pe ọkùnrin tó rí ejò ní òpònú. Ìyẹn ni àṣìṣe kejì tí mo rí nínú ìwé àbúrò mi: gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló ya dìndìnrìn, kí obìnrin náà lè ga. Mo mọ ohun tó ń sá fún. Ní 1999, Gail Simone, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, to orúkọ àwọn obìnrin inú ìwé eré aláwòrán jọ, àwọn tí wọ́n pa, tí wọ́n ṣe léṣe tàbí tí wọ́n gba agbára wọn, nígbà púpọ̀ kí inú lè bí ọkùnrin kan ni. Ìyà gidi ni. Àmọ́ a kì í torí pé ilé ń jò ká lọ sùn sínú kànga.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú Òṣogbo ló ń gbé! Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, gbogbo ìlú ń wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kan, Arugbá, kó má baà kọ lọ́nà igbó Ọ̀ṣun. Igbá ló rù, kò gbá ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ a ò lè mójú kúrò lára rẹ̀. Ifá sì sọ fún wa nínú Ọ̀ṣẹ́túrá pé òrìṣà mẹ́tàdínlógún ló wá tún ayé ṣe, Ọ̀ṣun nìkan lobìnrin. Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù kò kà á sí. Kò jà, kò pariwo, ó kàn fọwọ́ lẹ́rán. Ohun gbogbo dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ títí wọ́n fi padà tọ Olódùmarè lọ, ó sì ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ fojú inú wo ìran yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n: obìnrin kan jókòó, ó ń yarun, akọni mẹ́rìndínlógún kúnlẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbúrò mi padà wá. Adigunjalè ti lọ. Akọni rẹ̀ ti ń ta ẹ̀kọ ní Ìgbọ̀nà, ọ̀tá rẹ̀ sì ni alájọ tó ń kó owó àwọn obìnrin ọjà jẹ díẹ̀díẹ̀. Alájọ yìí kan náà ló san owó ilé-ìwé akọni náà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Mo bi í pé báwo ni obìnrin náà yóò ṣe pa ejò yìí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó fẹ́ pa á."